Èsì: Ọ̀dà tó ń ṣí nísàlẹ̀ ògiri

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ẹ ní ọ̀dà ń ṣí lára ògiri ẹ̀yìn ilé yín l'Óṣogbo níbí, ṣé kí ẹ tún un kùn? Ẹ má tíì ra ọ̀dà kankan. Omi ló ń gun ògiri yẹn láti ìsàlẹ̀. Ẹ wo ibi tí omi òrùlé ń dà sí. Bó bá ti gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ da kọnkéré yí ilé ká, kó dagẹ̀rẹ̀ síta. Ewédú tí ẹ gbìn mọ́ ògiri ńkọ́? Ẹ sún un jìnnà, omi tí ẹ ń bu rin ín náà wà níbẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ha ibi tó ti jẹrà, ẹ tún un rẹ́, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó kùn ún. Nǹkan funfun bí iyọ̀ tó bá yọ lára ògiri náà, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n, ẹ má fomi fọ̀ ọ́.