Ìbéèrè Yín: Bíìṣì wo la máa yàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Èmi àti ọkọ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa fẹ́ lọ sinmi létí òkun níbi tí oòrùn ti máa ń mú dáadáa, àmọ́ gbogbo fọ́tò tí mò ń wò ló rẹwà, èwo gan-an ni ká mú?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi fọ́tò yan bíìṣì rárá. Omi yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò torí àwọn ọmọ. Ẹ wo Barbados, erékùṣù kan ní Kàríbíà, lápá ìwọ̀ oòrùn, omi máa ń rọ̀ jẹ́jẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọdá sápá ìlà oòrùn níbi tí Bathsheba wà, ìgbì Àtìláńtíìkì ń ru gùdù níbẹ̀, àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì ló ń wá a, erékùṣù kan náà mà ni o!

Ẹ tún béèrè bí omi ṣe máa ń fà sẹ́yìn. Ní Zanzibar, erékùṣù kan ní Tanzania, lápá Paje, omi lè sá lọ jìnnà débi pé iyanrìn lẹ máa máa rìn lórí ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, àmọ́ ní Nungwi lápá àríwá, ẹ ṣì máa rí omi lúwẹ̀ẹ́.

Àsìkò náà ńkọ́? June sí November ni ìjì líle máa ń jà ní Kàríbíà, èmi ò ní kó ọmọ lọ nígbà yẹn. Ibi tí àwọn tó ń ṣọ́ òmùwẹ̀ bá wà ni kẹ́ ẹ mú, tẹ́ ẹ bá sì rí àsíá pupa, ẹ má wọnú omi.