Ìwé òfin tí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì fi rán ọmọ wálé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé kan rán an wálé pé kí n fọwọ́ sí i. Ó ní àròkọ kan ni wọn ó máa kọ lọ́sẹ̀, iṣẹ́ tó bá pẹ́ á pàdánù máàkì, fóònù ò gbọdọ̀ wọ kíláàsì, wọn ò sì gbọdọ̀ sọ Yorùbá níbẹ̀. Iṣẹ́ inú táàmù gba 40, ìdánwò ìparí gba 60. Ìwé mẹ́fà lèmi kà. Èwo ni kí n mójú tó nínú gbogbo rẹ̀? Ṣé kí a má sọ Yorùbá nílé mọ́ ni? (Ìyá ọmọ kan, Òkè-Àdó, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ní kí ọmọ kà á sí yín létí, kó sì túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ ó ti mọ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dé.

Àròkọ ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn ni kí ẹ dì mú. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC pín sí mẹ́ta. Èyí tí wọ́n ti ń ṣa ìdáhùn gba máàkì 40, ọ́ráà tó dá lórí ìró ohùn gba 30, pépà kejì tí wọ́n ń fọwọ́ kọ ló gba 100. Nínú 100 yẹn, àkàyé gba 20, ìṣoníṣókí (kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ kókó ohun tí wọ́n kà) gba 30, àròkọ kan ṣoṣo, tí kò gbọdọ̀ dín ní 450 ọ̀rọ̀, ló gba 50. Ohun tí ọmọ sọ gba 10, bó ṣe tò ó gba 10, bí èdè rẹ̀ ṣe dán mọ́rán sí gba 20. Ó wá ku 10 fún sípẹ́lì, àmì ìdánudúró àti gírámà, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ sì ń gé ààbọ̀ máàkì. Ọmọ tó bá ṣe àṣìṣe 20 ti fi gbogbo 10 yẹn ṣòfò, bó ti wù kí ìtàn rẹ̀ dùn tó.

Nítorí náà, tó bá dé láti ilé ìwé, ẹ má kàn bi í pé mélòó ló gbà. Ẹ ní kó mú ìwé wá. Bírò pupa ò ṣòro rí, èèyàn ò nílò Gẹ̀ẹ́sì láti dá a mọ̀. Ẹ wá ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e: ṣé ó tún àròkọ náà kọ, àbí ó ti bọ́ sórí òmíràn? Ọmọ tí kì í ṣe àtúnkọ á máa gbé àṣìṣe kan náà kiri títí dé SS3. Mo ti rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọpọlọ gidi.

Ti fóònù: ohun tó ń ba àwa tíṣà lẹ́rù ni pé àwọn ọmọ ń tẹ ìbéèrè sínú rẹ̀, ó sì ń bá wọn kọ àròkọ. A máa ń mọ̀, mà. Ọmọ tí kò lè so gbólóhùn mẹ́ta pọ̀ lánàá, tó wá ń kọ̀wé bí lọ́yà lónìí! Bí wọ́n bá sì ká fóònù mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn WAEC, wọ́n lè fagi lé èsì rẹ̀.

Ẹ máa sọ Yorùbá yín nílé. Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Àmọ́ kíláàsì nìkan ni ẹnu ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kan Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kó pa òfin yẹn mọ́ níbẹ̀. Ibi tí èdè méjèèjì ti yà sọ́tọ̀ ni wọ́n ti ń kọsẹ̀. Nítorí pé "ó" la fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin, wọn a máa pe ìyá wọn ní "he". Nítorí ọ̀wọ̀, bàbá wọn a di "they". Àwa ọmọ Ìbàdàn tiẹ̀ tún ní tiwa: ẹni tó ń pe iṣu ní "isu", bákan náà ni "ship" àti "sip" máa ń dún lẹ́nu rẹ̀. Irú ìyẹn gan-an ni ọ́ráà ń bi wọ́n, ìbéèrè 60 láàárín ìṣẹ́jú 45.

Ẹ jẹ́ kó máa kàwé sókè bí ẹ bá ń dáná. Tí wọ́n bá ka ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò, ẹ ní kó sọ kókó mẹ́ta fún yín ní Yorùbá, láìfi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ó ń kọ́ ìṣoníṣókí nìyẹn, ẹ̀yin náà sì ń gbọ́ ìròyìn.

Ní ti ìwé rírà, díṣọ́nárì kan àti ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí tíṣà dárúkọ ti tó. Bí oníwèé ní Dùgbẹ̀ bá fẹ́ kó ìwé ìtàn tí JAMB ń lò fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kún un, ẹ ní kó ṣì fi í sílẹ̀. Kí ọmọ yín tó dé SS3, ó ṣeé ṣe kí JAMB ti mú òmíràn.