Ẹ BI NỌ́Ọ̀SÌ: Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ rọ́bà ìtọ̀ ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ìtọ̀ há mọ́ bàbá àwọn ọmọ mi lóru, ìsàlẹ̀ ikùn wọn le gbandi. Ọsibítù fi rọ́bà fà á, wọ́n ní prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ló wú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ rọ́bà náà, ẹ̀rù sì ń bà mí pé yóò tún há. Àbúrò wọn ní ká kúkú ra àgbo ní Ìtòkú, ká má padà lọ mọ́. — Ìyá Bísọ́lá, Ìjàyè, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá Bísọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ. Kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí àwọn ìyàwó máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí ní wọ́ọ̀dù nìyí, lẹ́yìn tí dókítà bá ti kọjá. Dókítà gan-an ló yẹ kí ẹ bi.

Ẹ bi wọ́n báyìí: "Ṣé bàbá ti ń lo oògùn tó ń dẹ iṣan ẹnu àpò ìtọ̀?" Tamsulosin àti alfuzosin wà lára wọn. Àwọn olùwádìí fún àwọn ọkùnrin kan ní alfuzosin kí wọ́n tó yọ rọ́bà, wọ́n fún àwọn mìíràn ní hóró tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Nínú 100 tó lo alfuzosin, bí 62 ló tọ̀ fúnra wọn. Nínú 100 yòókù, bí 48. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n yọ rọ́bà bàbá láìjẹ́ pé ẹ ti béèrè.

Ti ọjọ́ iwájú tún wà níbẹ̀. Ìwádìí MTOPS ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2003, tẹ̀lé ọkùnrin tó lé ní 3,000 tí prostate wọn wú fún nǹkan bí ọdún 4 àtààbọ̀. Doxazosin, tó ń dẹ iṣan, mú ara tù wọ́n, àmọ́ òun nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ dènà kí ìtọ̀ há bí ọdún ti ń gorí ọdún. Finasteride, tó ń mú kí prostate súnkì, ló dènà rẹ̀, àgàgà nígbà tí wọ́n lo méjèèjì pọ̀. Finasteride ń gba oṣù púpọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí bàbá jù ú nù lọ́sẹ̀ kejì. Bí aboyún bá wà nílé, kó má fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó bá fọ́.

Ní ti àgbo, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn òyìnbó náà gbẹ́kẹ̀ lé èso igi kan, saw palmetto. Nígbà tí wọ́n dán an wò, tí èsì jáde ní 2011, kódà ìlọ́po 3 ìwọ̀n rẹ̀ kò ṣe ju hóró òfìfo lọ. Àgbo inú ọtí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ọtí a máa mú kí àpò ìtọ̀ tètè kún.

Ẹ kó gbogbo oògùn bàbá dání lọ. Oògùn ọ̀fìnkìn bíi Piriton lè há ìtọ̀ mọ́ ọkùnrin tí prostate rẹ̀ ti wú, ìgbẹ́ gbígbẹ náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fa rọ́bà yẹn nílé o, bàlúù olómi ló dì í mú nínú.

Bí wọ́n bá yọ ọ́ láàárọ̀, tí bàbá kò rí ìtọ̀ tọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, tàbí tí ikùn bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í le, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù Ìdí-Àbà tàbí ti Lántòrò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ kejì.