5500, 5600 àbí 5600G: orúkọ jọra, iṣẹ́ ò jọra

Àbúrò, o ní o fẹ́ to kọ̀ǹpútà tuntun sí yàrá rẹ ní South Gate FUTA, AutoCAD àti fídíò lo fẹ́ fi ṣe, owó rẹ ò sì tíì ká káàdì graphics, èyí tó ń gbé àwòrán sórí mọ́nítọ̀. Ẹni tó ń tajà wá ní kó o mú èyíkéyìí nínú prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5500, 5600 àti 5600G, pé ìkan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ìkan náà rárá.

Lóòótọ́, core 6 (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́) àti thread 12 (iṣẹ́ tí wọ́n lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà) ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, 65W ni wọ́n kọ sí gbogbo wọn, orí ihò motherboard tí wọ́n ń pè ní AM4 ni wọ́n sì ń jókòó sí. Àmọ́ 5600 ní cache L3 (ìrántí kékeré tó yára nínú prósẹ́sọ̀) 32MB, ó sì ń lo PCIe 4.0 (ọ̀nà tí káàdì ń gbà bá prósẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀), 16MB àti PCIe 3.0 ni ti àwọn méjì yòókù. 5600G nìkan ló ní graphics nínú ara rẹ̀. Èyí gan-an ló kàn ọ́ jù. Bó o bá ra 5500 tàbí 5600 láìsí káàdì, tó o ki HDMI bọ ẹ̀yìn motherboard, iná á tàn, fáànù á máa yí, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ ò ní gbé nǹkan kan jáde. Ọ̀pọ̀ ló ti torí èyí dá motherboard tí kò ní àrùn kankan padà.

5600G ni kó o mú. Ṣùgbọ́n má fi RAM 16GB ẹyọ kan ṣoṣo sí i o! Graphics inú rẹ̀ ò ní memory tirẹ̀, inú RAM ló ti ń bù jẹ. 8GB méjì ni kó o rà, DDR4 3200, kí ọ̀nà tó ń gbà bù ú lè di méjì. Bí ihò RAM bá jẹ́ mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin, láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀, ló sábà máa ń jẹ́ tiwọn. Kó o wá wọ BIOS (ètò tó ń jí motherboard) lọ tan XMP (ètò ìyára RAM), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ RAM náà ò ní sáré dé 3200 tó o sanwó fún.

Bó bá dá ọ lójú pé káàdì ń bọ̀ láìpẹ́, 5600 ló dáa. Pàápàá bó bá jẹ́ RX 6500 XT, nítorí lane (ojú ọ̀nà PCIe) 4 péré ló ní, PCIe 3.0 á sì gé ọ̀nà rẹ̀ sí ìdajì. 5500? Àfi bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ gidi.

Motherboard B450 tó ti pẹ́ nílẹ̀ lè má dá èyíkéyìí nínú wọn mọ̀ títí wọ́n á fi ṣe BIOS rẹ̀ tuntun. Bó bá jẹ́ Ìkẹjà lo ti ń ra ọjà, jẹ́ kí wọ́n ṣe é kí wọ́n tó fi waybill ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́, tàbí kó o ra èyí tó ní bọ́tìnì BIOS Flashback. Flash drive tí wọ́n format sí FAT32 ló ń lò, kò sì nílò prósẹ́sọ̀.

Prósẹ́sọ̀ tí wọ́n ń tà láìsí páálí kì í ní fáànù, nítorí náà ro owó fáànù mọ́ ọn. Tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ prósẹ́sọ̀ náà, kó o wò ó láti ẹ̀gbẹ́: pin 1331 ló wà níbẹ̀, èyí tó bá tẹ̀ á yà kúrò lórí ìlà. Èyí tó tẹ̀ ṣeé nà padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá ti kán, má rà á. Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ tú fáànù, jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú 10 kí paste (ohun tí wọ́n fi sáàárín prósẹ́sọ̀ àti fáànù) rọ̀, pa á, yọ wáyà iná, yí fáànù sọ́tùn-ún sósì kó o tó gbé e. Bó o bá fà á lójijì nígbà tó tutù, prósẹ́sọ̀ á bá a jáde, pin á sì tẹ̀.

Ní ti iná BEDC, ra UPS tàbí inverter tó jẹ́ pure sine wave (iná rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́ bíi ti NEPA). Power supply tó ní active PFC (ẹ̀yà tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe) lè kú pì lórí èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá tí NEPA bá mú iná lọ gan-an.