Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n san owó gìtá sítíìlì Dádì yín díẹ̀díẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Dádì o, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn. Bí mo ṣe ka ìbéèrè yín ni àyà mi já, torí ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan jókòó tó ń ka ìtàn tèmi padà fún mi. Ẹ ní ẹ wà ní Manchester, ẹ ní gìtá sítíìlì, èyí tó máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin tẹ okùn ẹ̀, tí wọ́n sì ń fi pẹ́dà yí ohùn ẹ̀, èyí tí Dádì yín fi ta jùjú láyé ọjọ́un, ṣì wà nínú àpótí ẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn n'Íbàdàn, ẹ ní ẹnì kan ti ní òun máa rà á ní mílíọ̀nù 2 náírà, pé òun á san ìdajì báyìí, ìyókù tó bá di Kérésìmesì. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ tà á síbẹ̀ ni àbí kí ẹ gbé e wá sí ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún ọkùnrin yẹn.

Dádì tèmi náà ta sítíìlì, Abẹ́òkúta la wà. Ẹ̀yin náà á ti mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, gìtá àwọn olórin country ní Amẹ́ríkà ni, King Sunny Adé ló gbé e wọnú jùjú, Demola Adepoju tó ń ta á nínú báńdì Sunny sì fi ọwọ́ ẹ̀ sọ ọ́ di tiwa, òun náà ni Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà yẹn, pè sínú àwo ẹ̀ ní 1986. Àtìgbà tí àwọn èèyàn ti gbọ́ ohùn tó ń fà yẹn, kò sí báńdì tí kì í wá tiẹ̀. Èyí tí Dádì mi fi sílẹ̀ jẹ́ méjì: Sho-Bud ọlọ́rùn méjì, okùn 10 lókè, okùn 10 nísàlẹ̀, àti Fender 400 olókùn 8 (Sho-Bud àti Fender, orúkọ àwọn tó ṣe wọ́n nìyẹn). Ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo tà. Èyí tí mo tà yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí. Ṣé ti Dádì yín ni gìtá yẹn àbí ti ọ̀gá báńdì? Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn, ọ̀gá ló máa ń ra irin iṣẹ́, àwọn bọ́ìsì kàn ń lò ó ni. Tí ìdílé ọ̀gá bá gbọ́ pé owó ti wọ̀ ọ́, wọ́n á dé. Àwa ní oríire, ìyá mi rí rìsíìtì tí Dádì gbà nígbà tí wọ́n san tán, ó wà nínú Bíbélì wọn. Ẹ wá tiyín dáadáa. Tí kò bá sí, ẹ wá ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wà ní báńdì tó ṣì wà láyé, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Letter of administration ní High Court, ìwé tó fún yín láṣẹ lórí ohun tí Dádì fi sílẹ̀, èyí ò le, lọ́yà tiwa bá wa ṣe é, power of attorney tí mo fún àbúrò mi kó lè ṣojú mi nílé náà ò pẹ́.

Ohun tó pẹ́ ni wíwá àwọn ẹ̀yà ẹ̀. Gìtá yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń gbé lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rin ń tú, igi pẹ́dà ń tú, àwọn ọ̀pá irin tín-ín-rín tó so pẹ́dà mọ́ abẹ́ ẹ̀ náà ń tú. Nígbà tí àbúrò mi ṣí àpótí Sho-Bud yẹn, òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, velvet inú ẹ̀ ti di eruku lápá kan, ṣùgbọ́n àwọn àmì ojú ẹ̀, ọkàn, dáyámọ́ǹdì, irú èyí tó wà lára káàdì títa, wọ́n ṣì ń dán. Irin tí Dádì fi ń tẹ okùn wà nínú háńkáṣíìfù funfun, àbúrò mi ní òun dì í mú, ó wúwo ó sì tutù lọ́wọ́ òun, òun ò sì lè sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Àmọ́ ọ̀pá pẹ́dà tó yẹ kó jẹ́ 8, márùn-ún ló wà níbẹ̀. A wá a títí. Méjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìkẹta ni Àǹtí wa fi so kọ́tìnì yàrá wọn láti ọdún wo ni mi ò mọ̀. Ẹ má bínú sí ẹnikẹ́ni nílé, wọn ò mọ̀ pé owó ni. Ẹ kàn ní kí wọ́n wo ibi gbogbo.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ owó. April 2023 ni. Ẹ rántí pé kò tíì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ owó tuntun yẹn fi ìyà jẹ gbogbo ilé, tí èèyàn á tò sí báńkì láti àárọ̀ tí kò ní rí nǹkan kan mú bọ̀. Ọ̀gá kan tó ń kó irin iṣẹ́ jọ fún ṣọ́ọ̀ṣì wá, ó wò ó, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó nígboro, nǹkan bíi 750 náírà ni dọ́là 1, ìyẹn dọ́là 2,000. Mo lọ wò ó lórí Reverb, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta irin iṣẹ́ orin, iye tí wọ́n ti TA irú ẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n ń pè é o, ó sì sún mọ́ ọn. Mo ní kò burú. Ó san 500,000, ó ní ìparí June lòun máa san ìyókù, àbúrò Dádì wa ni owó ń wọ àkáǹtì wọn, èmi sì gbà kí ó gbé gìtá lọ. Ẹ wo ibi tí mo ti ṣubú. Mo gbà kí ó gbé e lọ.

Ìparí May, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo tí a ń rà ní bíi 190 fò kọjá 480. June 14, CBN jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa sọ iye ẹ̀ fúnra ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 460 àti díẹ̀ lórí ìwé kọjá 600 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìparí June dé, mo pe ọ̀gá yẹn, ó ní ẹ ò rí ìlú bó ṣe rí ni, bẹntiróòlù, owó ilé ìwé, ẹ ṣe sùúrù. Kí ni mo lè sọ? Òtítọ́ ló ń sọ, gbogbo èèyàn ló ń jìyà. Ó san 200,000 ní August. Ó san 300,000 ní November. Ó san 500,000 tó kù ní February 2024, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, ó ní òun ti san gbogbo ẹ̀ pé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó pé ní náírà. Àmọ́ nígbà yẹn dọ́là ti kọjá 1,500, gbogbo owó náà ṣì wà ní àkáǹtì àbúrò Dádì wa ní náírà láti April, torí mo ní kó pé kí a tó ṣẹ́ ẹ. Ohun tí a jọ gbà pé ó jẹ́ dọ́là 2,000, ohun tó délé kò tó 1,000. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí ẹni tó purọ́, ọjọ́ ló jẹ owó yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé lọ́dún yẹn náà, mo ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rí Sho-Bud yẹn, ẹnì kan ní Texas ń tà á ní dọ́là 2,800. Mo mọ̀ ọ́n torí sìgá ti jó igi ẹ̀ lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń yí okùn, ojú ibẹ̀ dúdú bí èékánná àtàǹpàkò, èmi ni mo wà lẹ́yìn ìyá mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá Dádì jà nítorí sìgá yẹn. Mo pa fóònù, mi ò sùn.

Nítorí náà ẹ gbọ́ mi. Mílíọ̀nù 2 tí ẹni yẹn pè, ẹ ṣírò ẹ̀ sí dọ́là tàbí pọ́n-ùn LÓNÌÍ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé iye yẹn ní dọ́là ni ẹ jọ fẹnu kò sí, yálà náírà lọ sókè ni o, yálà ó wá sílẹ̀. Tí kò bá gbà, kó san gbogbo owó lọ́jọ́ kan, kó sì gbé gìtá ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tí kò bá lè ṣe ìkan nínú méjèèjì, kí gìtá dúró sí yàrá ẹ̀yìn, kò jẹ kò mu. Tí wọ́n bá sanwó, ẹ má fi sùn ní náírà. Kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ṣẹ́ ẹ kó tó di alẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé á ní ẹ ti di òyìnbó, ẹ ò fọkàn tán èèyàn mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Ẹ tún mọ èyí, nǹkan ti yí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ gìtá yìí nílé lè ní kí ẹnì kan rà á wá láti Amẹ́ríkà. Pẹ̀lú bí dọ́là ṣe rí, ta ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn tó gbọ́n ti ń yí ilé àwọn olórin àtijọ́ ká, wọ́n ń rà á ní náírà lọ́wọ́ opó àti ọmọ tí kò mọ̀, wọ́n ń tà á ní dọ́là níta. Mi ò ní ẹni yín jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àmọ́ ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e wá, èmi gbé Fender yẹn wá sí London ní 2024, ó sì ṣeé ṣe. Kò wúwo tó ọlọ́rùn méjì, mo tú ẹsẹ̀ àti pẹ́dà sínú báàgì mìíràn kí ìkankan má kọjá iye tí ọkọ̀ òfuurufú gbà. Fún tiyín, tó bá jẹ́ ọlọ́rùn méjì, òun àti àpótí ẹ̀ lè lé ní kílò 30, ẹ wọ̀n ọ́n nílé. Ní pápákọ̀, òṣìṣẹ́ kan dá mi dúró, ó ní ohun àtijọ́ ni, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í jáde láìgba ìwé. Gìtá tí wọ́n ṣe ní California! Ó ní kí n ṣí i, ó ń fi ìka fa okùn ẹ̀, ó ń wò mí lójú, ẹ mọ ohun tó ń wá. Ìwé tí mo gbà ní Músíọ́mù Oníkan l'Ékòó ṣáájú, pé kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa, òun ló gbà mí. Ẹ lọ gbà á o, ẹ má rò pé ẹ ò nílò ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kejì tó wá sí i, ó kà á, ó ní kí n máa lọ, ó tún bá mi gbé àpótí sórí ẹ̀rọ. Ọlọ́run bù kún un.

Ní ìhà ti UK, ogún ni, kì í ṣe ọjà. Fọ́ọ̀mù kan wà, C1421, òun ni ẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gba owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti VAT lórí ohun tí ẹ jogún. VAT yẹn nìkan 20% ni, ẹ má fi tọrẹ. Wọ́n á fẹ́ rí ìwé pé ogún yín ni lóòótọ́, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá ọdún 2 tó ti di tiyín.

Kí ẹ tó pe iye kankan, kí ẹni tó wà nílé yí i dojú bolẹ̀ lórí aṣọ, kó ya fọ́tò abẹ́ ẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀, àti pickup, ìyẹn ohun tó wà lábẹ́ okùn tó ń gbé ohùn ẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń wò, ojú lásán kò sọ nǹkan kan. Kí wọ́n fi mítà àwọn oníná wọn pickup, tí mítà kò bá sọ nǹkan kan, wáyà inú ẹ̀ ti já, ó ṣeé tún wé, ẹ má jẹ́ kí rípárà kankan yọ ọ́ kó fi tuntun sí i, ti àtilẹ̀wá ló ń mú owó wá.

Ọkàn yín á balẹ̀, ó máa yọrí sí rere. Ẹ fi fọ́tò abẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ tí ẹ bá ti rí i gbà, èmi á bá yín wò ó. Kí ẹ sì pe ilé lónìí, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má torí pé oníbàárà ń bọ̀ kí wọ́n wá fi òróró nu igi ẹ̀.