Kí ni pragmatism, kí ló sì kàn án pẹ̀lú àyípadà àwùjọ?

Pragmatism ni ẹ̀ka ìmọ̀ ọgbọ́n-orí tó sọ pé iṣẹ́ tí èrò kan ń ṣe nígbèésí ayé la fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bí ayé bá yí, ká tún èrò náà yẹ̀ wò. Charles Peirce, William James àti John Dewey ló gbé e lárugẹ ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1870. Lójú Dewey, irinṣẹ́ ni èrò, bí àdá tí a ń pọ́n.

Ẹ wo ọlọ́jà kan l'Ákùúrẹ́ tí kì í gbà ju káàṣì lọ. Nígbà tí owó náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó dán tiransífà wò, ó ń dúró kí àláàtì wọlé kó tó gbé ọjà sílẹ̀. Ìdánwò yẹn gan-an ni kókó pragmatism: ayé yí, ó sì tún èrò rẹ̀ yẹ̀ wò.

Àmọ́ kò túmọ̀ sí pé ohunkóhun tó bá ti mú èrè wá ni òtítọ́.