Marigold mẹ́rin kò lè gba tòmátì là

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè bóyá òdòdó marigold mẹ́rin ní igun ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó láti gba tòmátì àti ilá yín lọ́wọ́ aràn tó ń ta kókó sí gbòǹgbò. Kò tó rárá.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé aràn náà ni. Tòmátì á rọ lọ́sàn-án, á tún nàró lálẹ́, títí di ọjọ́ tí kò ní nàró mọ́. Ẹ má fà á tu o. Ẹ fi ṣọ́bìrì hú u, kí ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú omi. Bí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ bá wú bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, tí èékánná kò sì lè họ kókó náà kúrò, òun nìyẹn. Ti ẹ̀wà yàtọ̀: kókó tirẹ̀ máa ń tètè já, inú rẹ̀ sì máa ń pọ́n díẹ̀. Ìyẹn ń ṣe ilẹ̀ lóore, ẹ fi í sílẹ̀. Gbòǹgbò gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ kì í wò! Ewé ni wọ́n ń wò, wọ́n á ní kí ẹ da ajílẹ̀, kí ẹ fọ́n oògùn. Gbòǹgbò tó ti di kókó kò rí omi fà dáadáa, oúnjẹ wo ló fẹ́ fà? Ọdún méjì gbáko ni irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ fi run tòmátì mi.

Òórùn marigold kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Aràn á wọ inú gbòǹgbò rẹ̀, ibẹ̀ ni kò ti ní lè dàgbà. Nítorí náà, òun nìkan ni kó gba gbogbo ebè kí tòmátì tó débẹ̀: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 síra wọn, fún oṣù méjì ó kéré tán. Ẹ máa tu koríko àárín rẹ̀, torí aràn á fara pamọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ ro ó mọ́lẹ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. French marigold, èyí tó kúrú, ni kí ẹ rà. Calendula, tí wọ́n tún ń pè ní pot marigold, kì í ṣe irú rẹ̀, orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́.

Ẹ sì ṣọ́ra fún òdòdó tó rí bí ogbe orí àkùkọ tí àwọn olódòdó ń tà. Ṣọkọ ni, aràn yìí sì fẹ́ràn ṣọkọ gan-an.

 

Àwọn tòmátì tí aràn ti mú báyìí, ẹ hú wọn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ sun wọ́n. Ẹ má dà wọ́n sí ààtàn tí ẹ ti ń kó ilẹ̀dú, kí ẹ sì fọ ọkọ́ kí ẹ tó gbé e dé ebè mìíràn.